Yíyí Táyà Ni Mítà Ń Kà

Ọdún méjìlélógún ni àbúrò mi kò fi mu omi nínú ilé mi. Èmi ni mo fà á. Mo pè é lólè.

Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù mi nígbà náà. Mo ní ó ń fa epo inú táǹkì tà. N kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń kó pákó, níwájú àwọn tó ń kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Fapomu, ẹni tó ń fa epo mu. Ó dùn lẹ́nu bí orúkọ gidi. Àlejò tí kò mọ ìtàn a máa rò pé orúkọ baba wa ni. Kò sí ẹni tó tún gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Fapomu títí wọ́n fi kúrò nílé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ pé kò jí nǹkan kan.

Ọkọ̀ náà ṣì wà. Ó dàgbà ju ọmọ mi obìnrin tó ń bójú tó o báyìí lọ. Nígbà tí mo rà á, mo ní kí wọ́n kọ MÁ SÁRÉ sí iwájú rẹ̀. Ni wọ́n bá ń pe èmi náà ní Má-sáré. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lára irin, orúkọ kò ṣí kúrò lára mi. Ọkùnrin tó ń wà á báyìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga bí òpó iná, wọ́n ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó lẹ́nu. Bí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, a bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ni ó ń pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n. Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan sórí tábìlì, ó jókòó.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń jí epo.”

“Ta ló rí i?”

“Ìwé ló rí i.”

Mo nu ọṣẹ kúrò lágbọ̀n. Mo ní kó sọ ọ́ kí n gbọ́.

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé lítà kan máa ń gbé ọkọ̀ yẹn rin kìlómítà mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí láti ìgbà tí mo ti gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì báyìí, mẹ́ta àbọ̀ ni. Nígbà míì, kì í tó bẹ́ẹ̀. Mo ti wo abẹ́ ọkọ̀, kò jò. Kò tú èéfín dúdú. Mẹkáníìkì ní kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Tí epo ò bá jò, tí ẹ́ńjìnnì ò sì mu ún, ta ló wá mu ún?”

Ta ló wá mu ún. Bí èmi náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Kò yí ohùn padà. Bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá.

“Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Tó bá dé láti ilé ìlagi lọ́la, màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Màá sọ ìdí ẹ̀ níwájú gbogbo wọn, kí ẹlòmíì fi kọ́gbọ́n.”

“Ó níyàwó?”

“Bàbá, ẹ mọ̀ pé ó níyàwó.”

“Ó bímọ?”

“Mẹ́ta. Kí ló dé?”

“Mo kàn béèrè ni.” Mo fọ abẹ ìfárungbọ̀n, mo gbé e sí àyè rẹ̀. “Má tíì sọ nǹkan kan. Èmi náà á bá a lọ lọ́la.”

“Ẹ̀yin? Pẹ̀lú orúnkún yín yìí?”

“Orúnkún mi kọ́ ló fẹ́ wa ọkọ̀.”

Ó wò mí. Ó mọ ohun tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló tì mí ní ìdí títí mo fi gòkè. Ó so ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi mọ́ irin pẹ̀lú okùn, nítorí ìkọ́ rẹ̀ ti já láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wọlé ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Kò tíì gbé ọkọ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ wá ṣọ́ mi ni?”

“Mo wá gba afẹ́fẹ́.”

“Afẹ́fẹ́ pọ̀ nílé yín.”

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà.

“Ìyá Àgbà, ẹ rọra rìn o,” ni ó wí fún ọkọ̀. “Onílé ti bọ̀.”

Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìlagi gùn, ó sì tẹ́jú, àfi òkè kọ̀ọ̀kan. Òkúta funfun wà létí rẹ̀, ọ̀kan ní òpin kìlómítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Òmíràn ti wó. Koríko ti bo òmíràn. N kò mọ ohun tó mú mi máa wò wọ́n. Nígbà tí a kọjá èyí tó gbé nọ́ńbà mẹ́rin, mo wo mítà tó wà níwájú awakọ̀, èyí tí nọ́ńbà ń yí nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó wà níbẹ̀ sára irin níwájú mi.

“Kí lẹ ń ṣírò, Bàbá?”

“Ọ̀nà.”

“Ọ̀nà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Kò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣírò òun.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa àna rẹ̀ tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú mi wà lára òkúta. Ó ń wa ọkọ̀ dáadáa. Kì í tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kútẹ̀. Bí a bá dé òkè, òun a jẹ́ kí ọkọ̀ fi agbára tirẹ̀ gùn ún. Ẹni tó bá ń jí epo kì í ṣọ́ epo lò báyẹn. Ohun tí mo rò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé àbúrò mi náà kì í tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kútẹ̀.

Oríta ilé ìlagi wà lẹ́bàá òkúta kẹrìnlélọ́gọ́rin. Ọgọ́rin kìlómítà ni a rìn láti ibi tí mo ti kọ ọ́. Mo wo mítà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló kà.

“Dúró.”

Ó dúró. Mo ní kó wo òkúta. Mo ní kó wo mítà. Ó wo méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi kọ́ ni mo jí kìlómítà o.”

“O ti rí i rí?”

Ó fi ọwọ́ pa irun orí rẹ̀. “Mo rí i. Láti oṣù méjì yìí náà ni. Tí mo bá dé ibí, mítà máa ń dín. Mo ní bóyá wọ́n ti gé ọ̀nà kúrú ni.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún ọ̀gá rẹ?”

“Kí n sọ pé kí ni? Mo mọ̀ pé ó ń fura sí mi. Ẹnu ẹni tí wọ́n ń fura sí, kò sóhun tó bá sọ tí kì í rùn.”

A wọ inú ọgbà. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo ilẹ̀, ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ayùn ńlá ń ké nínú ilé páànù. Àwọn alábàárù bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi sọ̀kalẹ̀, mo ń yí ọkọ̀ ká.

Mo bi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ táyà.

“Oṣù méjì náà ni. Ti tẹ́lẹ̀ ti dán bí orí apárí. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni ọ̀gá lọ rà. Ẹni tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rún ló kù. Ó ní ìka kan ò jùka kan, pé eléyìí tiẹ̀ lágbára ju tàtijọ́ lọ.”

Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹgbẹ̀rún ju ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún lọ. Ó ga jù ú lọ, ó sì sanra jù ú lọ. Ẹni tó ń tà á kò purọ́ pé ó lágbára.

Bí pákó ti ń wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ń rẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo rí i pé orí táyà ti fẹ́ kan irin tó bò ó lókè. Ó ti ń kàn án. Ó ti ha á títí ojú ibẹ̀ fi ń dán. Ọ̀dà ti bó. Lábẹ́ ọ̀dà tó bó náà, mo rí ojú híha mìíràn tí ìpẹtà ti dúdú sí. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Ọwọ́ mi ni mo fi kùn ún, nígbà tí irun mi ṣì dúdú.

Mo fi ìka kàn án. Àpá méjì, ojú kan náà.

Mo jókòó sórí pákó kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré wá.

“Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí. Lọ bá wọn to pákó.”

Mo mọ ohun tó ha irin náà nígbà àkọ́kọ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀, mo ra táyà àlòkù mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Tèmi tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún, wọ́n sì ti jẹ tán. Mo dé àwọn ńlá náà, mo gbé ọkọ̀ fún àbúrò mi. Lẹ́yìn oṣù kan, mo rí i pé lítà kò rìn tó bó ṣe ń rìn mọ́. Mo pè é síta.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta ojú ọ̀nà ò bá mítà mu mọ́. Ẹ wá ká jọ lọ.”

Mo ní, “Ṣé òkúta ló fẹ́ jẹ́rìí ẹ?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo wa ọkọ̀. Àwọn táyà ńlá náà ń ha irin nígbà tí ẹrù bá wúwo. Ariwo rẹ̀ sú mi. Kò pé oṣù kan tí mo fi yọ wọ́n, tí mo ra ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún àlòkù mìíràn. Mo fi ọ̀dà bo ojú híha. Lítà padà sí mẹ́rin. Mo ń rìn káàkiri, mò ń sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè pé, “Ẹ ò rí i? Olè lọ, epo dúró.”

Táyà ni mo yọ. Àbúrò mi ni mo dá lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí mo ń wò lójú ọ̀nà láàárọ̀, àbúrò mi ló sọ fún mi nípa rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ láti ọdún méjìlélógún. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí mi, n kò lò ó. Má-sáré ni orúkọ mi. Mo sì sáré pe ọmọ ìyá mi lólè.

Nígbà tí a padà délé, mo pe ọmọ mi síta. Ọ̀kan nínú àwọn táyà àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ń sùn nínú rẹ̀. Mo lé adìyẹ. Mo ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ táyà àfidípò kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tuntun ni. Mo fa ìlà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara táyà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan ìlà. Mo ní kí wọ́n yí àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àmì tún kan ilẹ̀. Mo sàmì síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n yí tuntun lẹ́ẹ̀kan. Mo sàmì síbẹ̀.

Mo ní kí ọmọ mi na ọwọ́ sí àárín àmì méjèèjì. Láti orí àtàǹpàkò rẹ̀ dé orí ọmọńdinrín rẹ̀, ó kún un.

“Yíyí kan ṣoṣo nìyẹn,” ni mo wí. “Kó tó dé ilé ìlagi, ó ti yí lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mítà ò lójú. Kò rí ọ̀nà. Yíyí táyà ló ń kà. Táyà kékeré a máa yí kánkán, mítà á ní a ti rìn jìnnà. Ńlá a máa rọra yí, mítà á ní a ò tíì rìn. Ọ̀nà kan náà ni.”

Ó tún na ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyẹn ni pé mẹ́rin tí ẹ máa ń sọ...”

“Kò pé mẹ́rin rí. Táyà tó jẹ tán ń bù kún un fún mi. Nígbà tí mítà ń pọ́n mi lé, mo gbà á gbọ́. Nígbà tó yí ohùn padà, mo ní èèyàn ló burú.”

Ó wọlé lọ gbé ìwé rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà adìyẹ, ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Ọmọ mi ni. Kì í fi nǹkan sílẹ̀ láàbọ̀.

“Bàbá, táyà ló gbé ìdajì epo tó dín. Kò gbé gbogbo ẹ̀. Epo kan ṣì wà tí mi ò rí.”

Mo wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó wo adìyẹ.

A gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní òpópónà wa. Obìnrin ni. Apá rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ó fi géèjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ kan ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yẹ kó ní àádọ́rùn-ún, ọgọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

“Ta ló ń wa mọ́tò yìí?” ni ó bèèrè.

“Èmi ni,” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

“Kì í ṣe pé ò ń wà á. Ò ń wọ́ ọ ni. Táyà tí kò láfẹ́fẹ́ nínú, ẹrù méjì ló ń gbé, ẹrù ọkọ̀ àti ara ẹ̀. Wo ti iwájú yìí, apá kan ló ti jẹ. Ṣé ó ń fà sọ́tùn-ún?”

“Ó ń fà díẹ̀.”

“Ó sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fà létí,” ni ó wí fún mi, ó sì lọ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi ń wo awakọ̀ rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ orí ba.

“Ọ̀gá mi, ẹ̀bi mi nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé e, mi ò wọn afẹ́fẹ́ rí. Mo ní tuntun ṣáà ni.” Ó gbé orí sókè. “Ọ̀lẹ ni mí, ọ̀gá. Mi ò kì í ṣe olè.”

Fọkanáísà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

“Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé,” ni ó wí. “Kó o wọ̀n ọ́n, kó o wá sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tó ò bá wọ̀n ọ́n, wàá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìlagi.”

“Màá fẹnu fẹ́ ẹ tí ẹ̀rọ ò bá sí.”

Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí à ń rìn padà sílé, ọmọ mi bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé táyà ni.

“Àbúrò mi ló sọ fún mi.”

“Nígbà wo? Ẹ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀.”

“Ní ọjọ́ tí mo lé e.”

Ó dúró. Ó dàbí ẹni tó ń ka nǹkan nínú ọkàn. “Èmi àtàwọn ọmọ ẹ̀ la jọ lọ síléèwé kan náà,” ni ó wí. “Wọ́n máa ń fi orúkọ yẹn kọrin lé wọn. Èmi náà máa ń gbè é.”

A rìn délé.

Mo rò ó di ọjọ́ kejì. Mo lè lọ bá a jẹ́jẹ́, kí n wọlé, kí n sọ ọ́ fún òun nìkan. Ṣùgbọ́n n kò pè é lólè jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá jù síta, ìta náà la ti ń ṣà á.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí òpópónà wọn kún, mo ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé mi lọ. Táyà méjèèjì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àbúrò mi jókòó sábẹ́ àtíbàbà páànù níwájú ilé rẹ̀, ayùn kan wà láàárín itan rẹ̀, ó ń fi fáìlì irin pọ́n eyín ayùn náà níkọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ohùn ọkọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fa ìlà sójú títì. Mo ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí táyà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

“Bàbá, èló ni táyà yẹn?” ni obìnrin kan bèèrè.

“Kì í ṣe títà.”

Nígbà tí àmì méjèèjì pé, mo nàró ṣánṣán. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba. Mo sọ ọ́ bó ṣe wá.

“Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, mo sọ pé ọkùnrin yìí jí epo mi. Kò jí i. Mo dé táyà tó tóbi sí ọkọ̀ mi, mítà ń ka ọ̀nà lódì. Ó sọ fún mi. N kò gbọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kí ẹni tó bá ń pè é ní Fapomu wá fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.”

Kò sẹ́ni tó wá. Ọkùnrin àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àárín àmì náà, ó dìde, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀.

Orúnkún mi kò tẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n kì í sì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Mo ṣí fìlà. Oòrùn ń pa orí mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi gbé ayùn sílẹ̀.

“Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi.”

“Mo ní ẹ wá ká jọ lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ lo wí.”

“Ẹ fi mí ṣẹ̀sín.”

“Mo fi ọ́ ṣẹ̀sín.”

Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin kúrò lórí itan rẹ̀. “Ìyá wa ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?”

Ọdún kẹsàn-án tí mo pè é lólè ni ìyá wa kú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan, lórí ibùsùn, pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Kò tún bi mí mọ́.

“Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn,” ni mo wí.

Ó mi orí. Ó dàbí ẹni pé èsì mìíràn ló ń bẹ̀rù.

“Ẹ dé fìlà yín,” ni ó wí. “Egbò ti jinná. Àpá ni kò lè jọ ara.”

Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. Ó wò ó. Kò gbà á.

“Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́. Eyín ayùn ni mo ń rí.”

Mo fi kọ́kọ́rọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. A gbé táyà sókè. Nígbà tí ọkọ̀ ń yí padà ní òpópónà náà, mo rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́, ó ti dìde. Ó ń tọ̀ wá bọ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró.

“Iwájú ẹ̀ ń fà sọ́tùn-ún,” ni ó wí.

“A mọ̀.”

“Ta ló ń bá yín wò ó?”

“Kò sẹ́nì kan.”

Ó tẹjú mọ́ táyà iwájú. “Mo lè wá ní Sátidé.”

Ó wá ní Sátidé. Ó mú okùn tínrín kan àti ọ̀pá gígùn méjì dání. Ó na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé ara táyà iwájú, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ojú kan wò ó. Ó ní ojú òun kò ríran, ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò rí, òun ló ń fi hàn án.

“Tú u díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Ṣé o fẹ́ tú u kúrò lábẹ́ ọkọ̀ ni?”

“Bàbá, ọwọ́ mi ló gùn.”

“Kó gùn sínú ara ẹ.”

Mo jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. N kò dá sí i. Títí di ọ̀sán ni wọ́n fi ń tú, tí wọ́n ń dè. Nígbà tí táyà méjèèjì iwájú kọjú síbì kan náà, ó kó okùn rẹ̀ jọ, ó wẹ ọwọ́, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ibi tí mo wà.

Ọmọ mi gbé omi wá nínú ife. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́.”

Ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu ún. Ó gbé e sókè síwájú ojú rẹ̀, ó ń wo ibi tí omi dé.

“Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?”

“Kí ni, Bàbá Kékeré?”

“Omi yìí. Mo ní ṣé o ti wọ̀n ọ́n, kí ẹnì kan má baà tún ní mo fà á mu.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí ojú sẹ́yìn, ó ń wúkọ́. Ọmọ mi wò mí.

“Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n,” ni mo wí.

Àbúrò mi wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mu omi náà tán. Ó na ife sí ọmọ mi, ó ní kó bù sí i.